Ẹ Má Gún Mísà Schubert Nínú Odó Mẹ́rin: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Àwo Orin Mísà, Adó-Èkìtì

Sí Alága àti gbogbo ọmọ Ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò àwo orin Mísà tuntun, Adó-Èkìtì.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, a kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, ẹ sì kú ìnáwó.

Ìkéde tí ẹ fi ṣọwọ́ sí àwọn ẹgbẹ́ akọrin láti Adó dé Ìkẹ́rẹ́, láti Ìjerò dé Ìkọ̀lé, ti tẹ̀ wá lọ́wọ́. A sì ti gbọ́ Kyrie, apá àkọ́kọ́ nínú Mísà, tí ẹ fi sórí WhatsApp fún ìtọ́wò. Ohun tí ẹ yàn láti kọ dára: Mísà tó wà ní G (G major), tí Franz Schubert, akọ̀wé orin ará Austria, kọ. Ọ̀nà tí ẹ fẹ́ gbà gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ni kò dára. Ẹ ní ọjọ́ kan péré ni. Ẹ ní inú sítúdíò kékeré ni. Ẹ ní sòpránò á wọlé lọ́tọ̀, áltò lọ́tọ̀, tẹ́nọ̀ lọ́tọ̀, báàsì lọ́tọ̀, kálukú pẹ̀lú gbohùngbọ́ létí àti kíbọọ̀dù tó ń lù ú sí i létí, kí kọ̀ǹpútà wá lẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀. A kò fara mọ́ ọn, ìdí rẹ̀ sì nìyí.

1. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rántí irú iṣẹ́ tó jẹ́. Ọmọ ọdún 18 ni Franz Schubert nígbà tó kọ Mísà yìí. Ọjọ́ kejì oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1815 ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọjọ́ keje oṣù náà ló parí. Ọmọ ìjọ Lichtental ní Vienna ni, orin ìjọ àdúgbò sì ni orin náà, kì í ṣe orin ààfin. Akọrin ohùn mẹ́rin, adákọ mẹ́ta (sòpránò, tẹ́nọ̀, báàsì), ohun èlò olókùn àti ọ́gáànì, ó parí. Fèrè kàkàkí àti ìlù tí àwọn kan ń fi kún un, a lè kọ ọ́ láìsí wọn, kò sì ní dín kù. Gbogbo rẹ̀ kò ju bí ìṣẹ́jú 25 lọ. Ìdí tí ó fi bá ìjọ Èkìtì mu nìyẹn: agbára wa ká a. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kékeré kì í bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Níbi tí ariwo fèrè 20 ti lè bo akọrin tó ṣáko, níhìn-ín kò síbi tí ẹnikẹ́ni fẹ́ sá pamọ́ sí.

2. Ohùn mẹ́rin kì í ṣe odò mẹ́rin. Nínú Kyrie, nínú apá tó pọ̀ jù nínú Gloria àti Credo, ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń pe ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí báàsì bá gbé G kalẹ̀, tí sòpránò sì ń kọ B lókè rẹ̀, etí ẹni tó mọ orin á fa B náà wálẹ̀ díẹ̀. Bí a bá pín ààyè tó wà láàárín bọ́tìnnì kíbọọ̀dù kan àti èyí tó kàn án sí ọgọ́rùn-ún, nǹkan bí 14 nínú rẹ̀ ló máa fi wálẹ̀. Ibẹ̀ ni ohùn náà ti máa ń dún gbinrin. Kíbọọ̀dù kò lè ṣe èyí; ibi tí wọ́n to bọ́tìnnì rẹ̀ sí ló wà títí ayé. Nígbà tí sòpránò kò bá gbọ́ báàsì, tó jẹ́ kíbọọ̀dù nìkan ló ń gbọ́, B kíbọọ̀dù ni yóò kọ. Kò ṣì í kọ, ṣùgbọ́n orin náà kò ní tàn.

Ẹ tún Kyrie tí ẹ fi ránṣẹ́ gbọ́. "S" tó wà nínú "eleison" balẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, bí òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kán sórí páànù. Kò sí ẹni tó lè mú "s" ènìyàn 30 balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí wọn kò bá rí ọwọ́ olùdarí kan ṣoṣo. Sòpránò tó dá kọ Christe, apá àárín Kyrie, dún bí ẹni tó wà nínú kàtídírà ńlá, akọrin tó kọ ṣáájú rẹ̀ dún bí ẹni tó wà nínú yàrá ìdáná, nítorí ìwọ̀n ìró tí ẹ fi ẹ̀rọ bù sí wọn kò bára mu. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan parí bí ẹni fi àdá gé e, torí pé aago tó ń ró létí wọn kò mọ ìgbà tí èémí ń tán. Schubert kọ Andante con moto síbẹ̀, ìyẹn ni pé kí orin náà máa rìn, kó má dúró. Tiyín ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ bí orin ìsìnkú. Ní ibi tó rọlẹ̀, ìró jẹnẹrétọ̀ ń kùn lábẹ́ rẹ̀. Ohun mìíràn tún wà: bí gbohùngbọ́ bá ti pariwo jù létí akọrin, ohùn rẹ̀ á máa wálẹ̀ láìmọ̀. Ẹ̀yin náà rí èyí, torí a gbọ́ ibi tí ẹ ti fi ẹ̀rọ fa áltò gùn padà. Ohùn tí ẹ̀rọ bá fà bẹ́ẹ̀ máa ń le bí ike.

Ẹni tó gún iyán nínú odó mẹ́rin, tó wá lẹ̀ wọ́n pọ̀ sínú abọ́ kan, ọmọ Èkìtì wo ni kò ní rí ojú ìlẹ̀mọ́?

Ohun tí a ń béèrè kò ju agbára lọ. Kí gbogbo akọrin dúró pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan, níwájú olùdarí kan. Máìkì méjì tó bára mu ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé kalẹ̀: kí orí wọn jìnnà síra ní sẹ̀ǹtímítà 17, kí wọ́n kọjú síta, kí igun tó wà láàárín wọn jẹ́ ìwọ̀n dígírì 110, kí wọ́n ga tó mítà mẹ́ta, kí wọ́n sì jìnnà tó mítà mẹ́ta sí ìlà akọrin àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá sún mọ́ ọn jù, ohùn ènìyàn márùn-ún iwájú nìkan ni ẹ ó gbọ́. Bí wọ́n bá jìnnà jù, ọ̀rọ̀ á di kùrukùru. Kí adákọ kọ̀ọ̀kan ní máìkì tirẹ̀ fún ìrànlọ́wọ́, kí ẹ rọra bù ú sí i. Ẹ gba ohùn sílẹ̀ ní 24-bit àti 48 kHz, kí ibi tó pariwo jù má sì kọjá −10 dB lórí òṣùwọ̀n ẹ̀rọ. Credo bẹ̀rẹ̀ ní ìdákẹ́rọ́rọ́, pẹ̀lú ìlà báàsì tó ń tẹ̀ lé ẹsẹ̀ bí ẹni ń rìn. Bí ẹ bá fi ẹ̀rọ tẹ gbogbo rẹ̀ pa kó lè pariwo bákan náà látòkèdélẹ̀, Credo ti kú nìyẹn.

Kí ẹ tó yan ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ pàtẹ́wọ́ ẹyọ kan ní àárín rẹ̀, kí ẹ ka ìṣẹ́jú-àáyá. Bí ìró náà bá wà fún bíi méjì kó tó pòórá, ó dára. Bí ó bá kọjá mẹ́ta, Osanna tó kádìí Sanctus, níbi tí ohùn kan ti ń lé òmíràn, yóò dà pọ̀ mọ́ra. Bí ìró náà bá kú lójú ẹsẹ̀, ẹ wo ilẹ̀: ó ṣeé ṣe kí kápẹ́ẹ̀tì ló ń gbé e mì. Ẹ ká a.

3. Látìnì lẹ́nu ọmọ Èkìtì. Ibi tí ìkéde yín kò ti sọ gbólóhùn kan ṣoṣo nìyí, ibẹ̀ sì ni ẹgbẹ́ mẹ́wàá láti ìlú mẹ́wàá yóò ti já ara wọn sílẹ̀.

Ẹ yan ọ̀nà ìpè kan. Àwọn ará Vienna ní ìpè Látìnì tiwọn, níbi tí "pacem" ti ń di "patsem", tí wọ́n sì ń pe g inú "Agnus" jáde ketekete. Ìpè ti Róòmù ni ìjọ wa mọ̀, a sì dábàá pé kí ẹ dúró lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé orin, ẹ má fi sílẹ̀ fún olùkọ́ kọ̀ọ̀kan.

Àǹfààní wà tí a bí mọ́ wa. Ẹni tó ń pe "ulé" àti "usu" láti kékeré kò nílò ẹ̀kọ́ kankan kó tó lè pe "unigenite" àti "unum". Ẹnu ará ibòmíràn ló máa ń fẹ́ yọ́ "i" bọ ibẹ̀. A mọ ìyàtọ̀ e àti ẹ, o àti ọ. Ẹ ní kí gbogbo ènìyàn kọ "ẹ" nínú "Kyrie" àti "Credo", kí wọ́n kọ "ọ" nínú "nobis", ó tán.

Àléébù wa náà nìyí, kí á má tan ara wa. V máa ń di f: "vivificantem" tó di "fifi" ń pa ẹlòmíràn lẹ́rìn-ín. J nínú Látìnì, y ni: "cujus" jẹ́ "kuyus", "judicare" jẹ́ "yudikare". Nínú "excelsis", ṣ wa gẹ́lẹ́ ni wọ́n fẹ́, ṣùgbọ́n nínú "pacem" kì í ṣe ṣ. Ẹ ní kí wọ́n fi ahọ́n kan t kí wọ́n tó tú u sílẹ̀ sí ṣ. H kò sí nínú "hominibus" àti "Osanna" lẹ́nu, ẹ bá wa sọ fún àwọn tó ń kọ "Hamẹn". Èdè wa kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀, nítorí náà "Deum" ń di "Deumu", "nobis" ń di "nobisi". Àwọn mìíràn sá fún èyí, wọ́n sì gbé gbogbo rẹ̀ mì. Ìwòsàn rẹ̀ ni pé kí ẹ kọ nọ́ńbà ìlù tí "s" tàbí "m" máa balẹ̀ sí sórí ìwé, fún àpẹẹrẹ "s lórí ìlù kẹta", kí gbogbo ọwọ́ fi pẹ́ńsù kọ ọ́. Èyí tó fara sin jù ni fáwẹ́lì aránmúpè. Bí a bá rí "Sanctus", imú wa ti ń gbé "an" kí ẹnu tó la. Kí wọ́n di "a" mú gbangba títí ohùn náà fi fẹ́ tán, kí wọ́n tó pa á dé sórí "n". Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Sanctus tó yẹ kó tàn bí oòrùn yóò máa kùn nínú imú.

A gbọ́ pé ẹnìkan nínú yín dábàá pé kí Agnus Dei ("Ọ̀dọ́ Àgùntàn Ọlọ́run") wà ní Yorùbá lórí ohùn Schubert kan náà. Ẹ jọ̀wọ́, ó tì. "Àgùntàn" ní àmì ìsàlẹ̀ lórí gbogbo sílébù rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ gbé e sórí ohùn tó ń gòkè, kí ẹ bi ẹni tó wà níta ohun tó gbọ́. Láti ọdún 1953 ni Ekundayo Phillips, ọlọ́gáànì kàtídírà Áńgílíkà ní Èkó, ti kọ̀wé kìlọ̀ nípa irú èyí. Bí ẹ bá fẹ́ Mísà Yorùbá, ẹ fún olórin Yorùbá níṣẹ́ kó kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. A ó wá kọ ọ́ tayọ̀tayọ̀.

4. Ohun èlò. Bọ́tìnnì "strings" orí kíbọọ̀dù kì í ṣe fáyólínì. Tí owó bá kéré, ẹni kọ̀ọ̀kan ni kó di ohùn kọ̀ọ̀kan mú: fáyólínì kìíní, fáyólínì kejì, fíólà, sẹ́lò, dọ́bùlù báàsì, pẹ̀lú ọ́gáànì. Ènìyàn mẹ́fà. Tí owó bá wà, ẹ fi mẹ́ta-mẹ́ta sórí fáyólínì. Èyí tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe ni méjì-méjì: ìyàtọ̀ kékeré tó bá wà láàárín ẹni méjì yóò máa gbọ̀n gbangba, ṣùgbọ́n ẹni mẹ́ta á bo ara wọn. Àwọn tó lè ta á wà ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ orin Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n wà ní ilé-ẹ̀kọ́ orin MUSON ní Èkó. Ifẹ̀ kò jìnnà sí Adó.

Ọ́gáànì ni kí gbogbo olókùn tún ohun èlò wọn ṣe tẹ̀ lé, kì í ṣe fóònù. Okùn máa ń dẹ̀ bí ooru bá mú, nítorí náà kí wọ́n tún un wò lẹ́yìn tékì (ìgbàsílẹ̀) kọ̀ọ̀kan. Kí ọlọ́gáànì pa bọ́tìnnì tó ń mú ohùn gbọ̀n. Ṣọ́ọ̀ṣì púpọ̀ fẹ́ràn rẹ̀, a mọ̀. Mísà yìí kò fẹ́ ẹ.

5. Ìgbà àti ariwo. Oṣù kẹsàn-án tí ẹ mú, òjò ni. Òjò kan lórí páànù, iṣẹ́ ọjọ́ náà ti tán. Bí ẹ bá sì sún un dé oṣù kìíní, ọyẹ́ á ti gbẹ ọ̀fun sòpránò. Ìlàjì kejì oṣù kọkànlá ló dára jù ní Èkìtì. Ọjọ́bọ̀ jẹ́ àìsùn òkú, Ọjọ́ Ẹtì jẹ́ ìsìnkú, Àbámẹ́ta jẹ́ ìgbéyàwó, ẹ̀yin náà mọ iye ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó ń bẹ nígboro. Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́rú ni, aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago kan. Ilẹ̀ bá ṣú, ìrẹ̀ á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ akọrin.

Ẹ pa fáànù, ẹ pa iná gígùn tó ń kùn. Kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà tó ọgọ́rùn-ún mítà lẹ́yìn ògiri, tàbí kí ẹ lo bátìrì àti ínfátà. Ínfátà olówó pọ́ọ́kú tí iná rẹ̀ kò tẹ́jú máa ń kùn nínú máìkì ju jẹnẹrétọ̀ lọ. Kí akọrin bọ́ bàtà, ẹ̀gbà ọwọ́ àti aago. Aṣọ tó ní tááṣì ń pariwo. Gèlè pàápàá, bí ó ti wu kó wuyì tó, ó ń bo etí: sòpránò tó dé gèlè bo etí kò gbọ́ áltò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò lẹ́yìn iṣẹ́.

6. Ọjọ́ kan kò tó. Nínú wákàtí mẹ́ta gidi, ìṣẹ́jú orin mẹ́jọ sí mẹ́wàá tó ṣeé lò ni akọrin tó ti múra lè mú jáde. Ìṣẹ́jú 25 gba ìjókòó mẹ́ta, ní ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ kìíní: Gloria, lẹ́yìn náà Kyrie. Ọjọ́ kejì: Credo nìkan, torí bí àwọn olókùn ṣe ń tẹ ẹsẹ̀ báàsì yẹn láìsinmi, tí akọrin sì ń fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ rìn lórí rẹ̀, ni ibi tí ohùn ti ń wálẹ̀ láìsí ẹni tó fura. Ọjọ́ kẹta: Sanctus, Agnus Dei, kí Benedictus àwọn adákọ mẹ́ta gbẹ̀yìn. Ẹ má fi Agnus sí ìparí. Orin E kékeré (E minor) tó lọ́ra ni, ohùn tó ti rẹ̀ á sùn lórí rẹ̀.

Ìdẹkùn kan wà nídìí Benedictus. Ẹ ó fẹ́ sọ fún akọrin pé kí wọ́n máa lọ sílé, torí adákọ nìkan ló kù. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ara ènìyàn 32 ń mu ìró. Bí wọ́n bá jáde, ṣọ́ọ̀ṣì náà á dún yàtọ̀, bí Osanna bá sì padà wọlé lẹ́yìn Benedictus, gbogbo ẹni tó ń gbọ́ á mọ̀ pé yàrá ti yí padà. Kí wọ́n jókòó, kí wọ́n dákẹ́.

Apá kọ̀ọ̀kan: ẹ kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ tó padà tún ibi tó bàjẹ́ ṣe. Bí ẹ bá ń tún un ṣe, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti báà (ààyè láàárín ìlà òòró méjì nínú ìwé orin) mẹ́rin ṣáájú àṣìṣe náà, kí ẹ kọjá rẹ̀ pẹ̀lú báà mẹ́rin. Lẹ́yìn nóòtì ìkẹyìn, kí ẹnikẹ́ni má mira, kí ẹnikẹ́ni má pa ìwé dé, fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún. Ẹ gba ìdákẹ́rọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, ẹ ó nílò rẹ̀ láti fi dí ojú ìlẹ̀mọ́. Kí ẹnìkan tí kì í ṣe olùdarí jókòó ti ìwé orin, kó máa fi nọ́ńbà báà kọ àṣìṣe sílẹ̀. Olùdarí kò lè darí kó tún ṣe adájọ́.

Kí gbogbo èyí tó lè ṣeé ṣe, ẹ̀dà ìwé orin kan náà, tó ní nọ́ńbà báà kan náà, ni kó wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Ẹgbẹ́ tó lo ẹ̀dà ọ̀tọ̀ á máa wá báà tí wọ́n pè títí iṣẹ́ fi tán. Ìgbáradì ọ̀sẹ̀ 12, kí méjì tó gbẹ̀yìn wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹ ó lò gan-an. Akọrin 32 tó: sòpránò 9, áltò 8, tẹ́nọ̀ 7, báàsì 8. Bí ẹ kò bá rí tẹ́nọ̀ 7, ẹ dín àwọn tó kù. Ẹ má fi áltò dí i.

7. Orúkọ àti ẹ̀tọ́. Ìkéde yín ní kí akọrin kọ̀ọ̀kan san owó ìforúkọsílẹ̀, ó sì ní orúkọ Ìgbìmọ̀ nìkan ló máa wà lára àwo náà. Schubert kú ní 1828, kò sí ẹni tó máa béèrè owó orin rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n Òfin Copyright ti Nàìjíríà ti 2022 fún ẹni tó kọrin ní ẹ̀tọ́ lórí ohùn tó kọ, nítorí náà ẹ bá wọn ṣe àdéhùn ní kíkọ kí ẹ tó tan ẹ̀rọ. Ẹ yọ owó ìforúkọsílẹ̀ kúrò, ẹ san owó ọkọ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ láti Ìkọ̀lé àti Ìjerò, ẹ tẹ orúkọ gbogbo wọn. Mísà yìí gan-an mọ ohun tí píparẹ́ orúkọ jẹ́: ní 1846, ní Prague, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pẹ̀lú orúkọ Robert Führer, olórin kan níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ ọ́.

Nǹkan kékeré kan tún kù. Ẹ ní ẹ ó tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ Credo sínú ìwé àwo. Schubert kò kọ orin sí "et unam sanctam catholicam et apostolicam ecclesiam" (ìjọ kan, mímọ́, kátólíìkì, ti àpọ́sítélì). Ó fò ó, bí ó ṣe máa ń fò ó nínú àwọn Mísà rẹ̀ tó kù. Ohun tí ènìyàn ń gbọ́ ni kí ẹ tẹ̀, kí ẹ fi àlàyé ìlà kan sí i, kí ẹ sì bi Bíṣọ́ọ̀bù kí ẹ tó kéde pé àwo náà wà fún ìlò nínú Mísà.

Ìforúkọsílẹ̀ yóò parí ní ìparí oṣù yìí. Ṣáájú ọjọ́ náà, a fẹ́ ìdáhùn ní kíkọ lórí ohun mẹ́ta: ṣé ẹ ó gba ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ṣé ẹ ó sún un sí oṣù kọkànlá, ṣé ẹ ó yọ owó kúrò lọ́rùn akọrin. Bí ẹ bá ní bẹ́ẹ̀ ni sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a ti ṣetán láti fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà báà àti ìpè Látìnì sínú ẹ̀dà ìwé orin 32, lọ́fẹ̀ẹ́, kí ìgbáradì àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá sì ní sítúdíò ni dandan, ẹ yọ orúkọ àwọn ẹgbẹ́ wa kúrò nínú ìwé yín.

Àwa ni tiyín nínú iṣẹ́ orin,
Àwọn akọrin àti olùdarí orin Mísà ní ilẹ̀ Èkìtì